Orí Kẹfà: Ìgbésí Ayé àti Ìjọba Alhaji Ado Bayero, Ẹ́míà Kánò (1963–2014)

Èròǹgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- sọ bí ipò Ẹ́míà ṣe dé Kánò àti bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lò ó;
- sọ ìtàn ìbí, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ Ado Bayero kí ó tó gorí oyè;
- ṣàlàyé ohun tó fà á tí Kánò fi ní Ẹ́míà mẹ́ta lọ́dún 1963;
- fi ìyàtọ̀ hàn láàárín agbára tí òfin fún ọba àti iyì tí àwọn ará ìlú fún un;
- ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ẹ́míà àti ìjọba lọ́dún 1981 àti 1984.

6.1 Kánò kí Ado Bayero tó jọba

Kánò jẹ́ ìlú àtijọ́. Àwọn ọba Hausa ló jẹ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Sarki sì ni wọ́n ń pe ọba lédè wọn. Èyí tí ìtàn ń dárúkọ jù nínú wọn ni Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499. Òun ló kọ́ ààfin Gidan Rumfa, tí ó ṣì jẹ́ ààfin ọba Kánò títí dòní. Ayé rẹ̀ ni ìtàn sọ pé ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà tí wọ́n fi ìyẹ́ ògòǹgò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Al-Maghili, onímọ̀ ẹ̀sìn láti Àríwá Áfíríkà, kọ ìwé fún un lórí bó ṣe yẹ kí ọba tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ṣèjọba.

Lọ́dún 1804, Ṣéù Usman dan Fodio gbé jìhádì dìde ní ilẹ̀ Hausa. Nígbà tó fi máa di 1807, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba Kánò, Alwali tó jẹ́ ọba níbẹ̀ sì sá kúrò nílùú. Láti ìgbà náà ni ọba Kánò ti di Ẹ́míà, ìyẹn ọba Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso agbègbè kan lábẹ́ Súltáànì Ṣókótó, tó sì jẹ́ olórí ìlú àti olórí ẹ̀sìn pọ̀. Jìhádì yìí kan náà ló sọ Ìlọrin di ìlú Ẹ́míà. Sulaiman ni Ẹ́míà Fúlàní àkọ́kọ́ ní Kánò. Ibrahim Dabo ló tẹ̀ lé e (1819–1846), ilé Dabo ni oyè sì dúró sí láti ìgbà náà.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kánò ní oṣù Èrèlé 1903. Wọ́n rọ Ẹ́míà Aliyu lóyè, wọ́n sì fi Abbas sípò rẹ̀. Àmọ́ wọn kò fọ́ ipò ọba. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ìjọba àfọbaṣe: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n ọba ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Owó orí, ìdájọ́, ọ̀nà, ọjà àti ètò ààbò, ọwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Àjọ tí ọba fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Nétíìfù Ọ́tọ́rítì. Ti Kánò wà lára èyí tó lówó tó sì lágbára jù ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá. Ó ní akódà tirẹ̀, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ó ní kóòtù tí àwọn adájọ́ Ṣàríà ti ń dájọ́, ó sì ní àpò owó tirẹ̀. Irú ìjọba yìí gan-an ni Ado Bayero jogún.

6.2 Ìbí, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́

Wọ́n bí Ado Bayero sí ààfin Kánò lọ́dún 1930. Abdullahi Bayero ni bàbá rẹ̀, tó jẹ́ Ẹ́míà láti 1926 sí 1953. Hasiya ni ìyá rẹ̀. (Ẹ kíyè sí i pé bàbá yìí ni Yunifásítì Bayero tó wà ní Kánò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ọmọ ni.)

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ Kùránì, ó sì lọ sílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kánò. Lẹ́yìn náà ló wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Èdè Lárúbáwá ìlú náà, ó sì jáde níbẹ̀ lọ́dún 1947. Iṣẹ́ akọ̀wé ní Bank of British West Africa ló kọ́kọ́ ṣe. Báńkì náà la mọ̀ sí First Bank lónìí. Nígbà tó yá, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Nétíìfù Ọ́tọ́rítì Kánò. Wọ́n dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àríwá lọ́dún 1954.

Iṣẹ́ tó ṣe láti 1957 sí 1962 ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Wọ́n fi í ṣe Wakilin Doka, ìyẹn olórí àwọn akódà Kánò. Ìgbà náà le. Ẹgbẹ́ NPC ló wà lórí àlééfà ní Àríwá, ẹgbẹ́ NEPU tí Mallam Aminu Kano jẹ́ aṣáájú rẹ̀ sì ń bá a jà ní Kánò gan-an. Bí ẹni ńlá kan bá ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ mú alátakò òun, wọ́n á mú un, wọ́n á tì í mọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì tún tú u sílẹ̀ láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ado Bayero, tó jẹ́ ọmọ ọba, ṣiṣẹ́ láti dín àṣà yìí kù. Ìwà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn tálákà Kánò fẹ́ràn rẹ̀ kí ó tó di ọba rárá.

Lọ́dún 1962, ìjọba àpapọ̀ rán an lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà gẹ́gẹ́ bí aṣojú Nàìjíríà. Ibẹ̀ ló wà tí oyè fi pè é.

6.3 Ọdún tí Kánò ní Ẹ́míà mẹ́ta

Muhammadu Sanusi, ẹ̀gbọ́n Ado Bayero lọ́dọ̀ bàbá, ló jọba lẹ́yìn ikú bàbá wọn ní 1953. Ọba tó lágbára ni. Òun tún ni aṣáájú ẹgbẹ́ Tijaniyya ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tó so Kánò pọ̀ mọ́ Ṣéù Ibrahim Niass ti ìlú Kaolack ní Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tó yá, òun àti Sir Ahmadu Bello, Sardauna Ṣókótó tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ìjọba gbé ìwádìí dìde lórí bí Nétíìfù Ọ́tọ́rítì Kánò ṣe ń náwó. D.J.M. Muffett, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ìwádìí náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1963, Sanusi kúrò lórí oyè, wọ́n sì ní kó lọ máa gbé ní Azare.

Muhammadu Inuwa, àbúrò bàbá Ado Bayero, ni wọ́n fi jẹ tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà ni, kò sì lò ju oṣù díẹ̀ lọ lórí oyè tó fi kú.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ kan Ado Bayero. Ní Kánò, afọbajẹ mẹ́rin ló ń yan Ẹ́míà: Madaki, Makama, Sarkin Dawaki Mai Tuta àti Sarkin Bai. Wọ́n á fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìjọba, ìjọba ló sì ní òǹtẹ̀ ìkẹyìn. Ado Bayero dé láti Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì gorí oyè ní oṣù Ọ̀wàrà 1963. Ọmọ ọdún 33 ni.

Ẹ wo bí ìlú ṣe rí nígbà tó gbà á. Ọba kan ti kúrò lórí oyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni. Àwọn ọmọlẹ́yìn ọba náà wà káàkiri Kánò, inú sì ń bí wọn. Ìjọba Àríwá tó wà ní Kaduna ti fi hàn pé òun lè fi ọba jẹ, òun sì lè rọ ọba. Gbogbo ohun tí Ado Bayero ṣe láàárín ọdún 50 tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ti rí èyí ló ṣe é.

6.4 Bí agbára òfin ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọba

Kò tó ọdún mẹ́ta tó jọba tí àwọn ológun fi gbàjọba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, tí wọ́n sì pa Sardauna. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú ohun tó wà lọ́wọ́ Ẹ́míà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn akódà ló kọ́kọ́ lọ. Ìjọba ológun pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá àpapọ̀, ó sì gba àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ẹni tó ti jẹ́ olórí akódà rí wá di ọba tí kò ní akódà kankan lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Kánò di ìpínlẹ̀ tó ní gómìnà tirẹ̀, Audu Bako, láàárín ìlú kan náà tí Ẹ́míà ń gbé. Ṣáájú ìgbà yẹn, Kaduna ni ìjọba wà, ó jìnnà sí ààfin. Ní báyìí, àwọn méjèèjì ti di aládùúgbò. Àwọn kóòtù náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀.

Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ló wá pa Nétíìfù Ọ́tọ́rítì rẹ́ pátápátá. Káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ló gba iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọba sí ipò olùdámọ̀ràn. Lọ́dún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Ọba tí ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó orí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí kò lè dájọ́ ẹ̀wọ̀n, kí ló kù fún un?

Ohun tó kù ni iyì. Ní orí yìí, ohun tí a ń pè ní iyì ni ìgbọ́ràn tí àwọn ènìyàn fún ọba láìjẹ́ pé òfin fi dandan mú wọn. Ado Bayero ń jókòó láàfin lójoojúmọ́ láti gbọ́ ẹjọ́. Ìjà ogún, ìjà tọkọtaya, ìjà darandaran àti àgbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ìjọba kò fún un láṣẹ ilé ẹjọ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń gba ohun tó bá sọ. Àwọn gómìnà, ti ológun àti ti alágbádá, ń wá sí ààfin nígbà tí ìlú bá dàrú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí tiwọn kò dé. Ìmọ̀ rẹ̀ náà gbé e kọjá Kánò: ó jẹ́ ṣánsẹ́lọ̀ Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ó sì jẹ́ ṣánsẹ́lọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà.

Iyì yìí ní ààlà tirẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1980, àwọn ọmọlẹ́yìn Muhammadu Marwa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Maitatsine, bá ọlọ́pàá jà ní àdúgbò ’Yan Awaki títí wọ́n fi kó ọmọ ogun wọ̀lú. Iye òkú tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba kọ sílẹ̀ jẹ́ 4,177. Ohùn Ẹ́míà kò lè dá ẹgbẹ́ náà dúró, nítorí àwọn yẹn kò gbà pé òun ni aṣáájú àwọn.

6.5 Ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ: oṣù Agẹmọ 1981

Lọ́dún 1979, ẹgbẹ́ PRP wọlé ìbò ní Kánò, Abubakar Rimi sì di gómìnà. Inú ìran òṣèlú Mallam Aminu Kano ni ẹgbẹ́ náà ti jáde, ohun tí wọ́n sì ń wàásù ni òmìnira talakawa, ìyẹn mẹ̀kúnnù, kúrò lábẹ́ àwọn ọlọ́lá àti ìjòyè. Rimi gbé àwọn ilẹ̀ Ẹ́míà tuntun jáde láti ara Kánò, lára wọn ni Gaya, Rano, Dutse àti Auyo. Èyí dín ilẹ̀ tí Ado Bayero ń ṣàkóso kù.

Ní oṣù Agẹmọ 1981, ìjọba kọ ìwé sí Ẹ́míà, wọ́n fẹ̀sùn àfojúdi kàn án, wọ́n sì fún un ní wákàtí 48 láti ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Irú ìwé tí ọ̀gá ń kọ sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí ìròyìn náà tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn tú jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Wọ́n dáná sun àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sun ilé iṣẹ́ rédíò Kánò àti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Triumph, wọ́n sì pa Dókítà Bala Mohammed, olùdámọ̀ràn gómìnà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, nílé rẹ̀.

Òǹkàwé gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé ìfẹ́ tí ìlú ní sí ọba ló gbé wọn jáde. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ìjà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ PRP fúnra rẹ̀, níbi tí Rimi àti Aminu Kano ti pín yà. Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni pé ìjọba tí wọ́n dìbò yàn kò rí ọba yọ. Nígbà tí Sabo Bakin Zuwo borí Rimi nínú ìbò 1983, ó fagi lé àwọn ilẹ̀ Ẹ́míà tuntun náà. Ikú Dókítà Bala Mohammed kò sì gbọdọ̀ di ohun tí a ń gbójú fò nínú ìtàn yìí. Ọ̀mọ̀wé ni.

6.6 Ẹ́míà àti Ọọ̀ni: ìrìnàjò Ísírẹ́lì, 1984

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Ado Bayero àti Ọba Okùnadé Síjúwadé, Olúbùṣe Kejì, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Fúlàní, èkejì jẹ́ olórí ìran Odùduwà. Lọ́dún 1984, àwọn méjèèjì jọ rìnrìn àjò lọ sí Ísírẹ́lì. Nàìjíríà ti já okùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè yẹn láti 1973, kò sì tíì so ó padà. Àwọn ọba méjèèjì kò gba àṣẹ ìjọba kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gba ìwé ìrìnnà wọn, ó sì pàṣẹ pé kí oníkálùkù wọn má ṣe kọjá ààlà ìlú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọba méjì tí ọmọ ìlú ń dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún kò lè jáde nílùú. Ẹ rántí 1963: láti ayé Sardauna títí dé ayé ológun, ìjọba tó wà lókè kò fìgbà kan gbàgbé pé ọba wà lábẹ́ òun. Àwọn méjèèjì gba ìdájọ́ náà láìbá ìjọba jà, wọ́n sì dúró lórí oyè wọn títí ikú fi dé.

6.7 Ọba lórí ẹṣin

Ibi tí ará ìlú ti ń rí Ẹ́míà dáadáa ni ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá. Hawan Sallah ni wọ́n ń pe ìgẹṣin ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ló ń kọ́kọ́ kọjá, tí wọ́n ti fi aṣọ aláràbarà àti awọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìdílé ìjòyè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Kàkàkí á máa dún. Àwọn dogarai, ẹ̀ṣọ́ ọba tó ń wọ agbádá pupa àti àwọ̀ ewé, á yí ọba ká. Òun fúnra rẹ̀ á wà lábẹ́ agbòòrùn ńlá tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀, láwàní funfun á bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan lèèyàn á máa rí. Bí wọ́n bá dé ojúde ààfin, àwọn ẹlẹ́ṣin á sáré tete wá síwájú rẹ̀, wọ́n á fa ìjánu lójijì, wọ́n á sì na ọwọ́ sókè kí i. Jahi ni wọ́n ń pe ìkíni yìí.

Ọjọ́ kan wà nínú ọdún náà tí wọ́n ń pè ní Hawan Nassarawa. Lọ́jọ́ yẹn, Ẹ́míà á gẹṣin lọ kí gómìnà ní ilé ìjọba. Ayé Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọba ń lọ kí aláṣẹ òyìnbó ní Nassarawa. Ado Bayero ń ṣe é bí ó ti bá a. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, àjọ UNESCO kọ ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin Kánò sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo aráyé.

6.8 Ìkọlù 2013 àti ikú Ẹ́míà

Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí Boko Haram ju bọ́ǹbù káàkiri Kánò, èèyàn tó lé ní 150 ló sì kú lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013, àwọn agbébọn dojú ìbọn kọ ọkọ̀ Ẹ́míà fúnra rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti òde ìkéwú kan. Wọ́n pa awakọ̀ rẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ méjì léṣe. Ẹni ọdún 82 ni nígbà náà, orí sì kó o yọ.

Alhaji Ado Bayero jáde láyé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù 2014. Wọ́n sìnkú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìjọba kéde Sanusi Lamido Sanusi, ọmọ ọmọ Ẹ́míà Sanusi tó kúrò lórí oyè lọ́dún 1963, gẹ́gẹ́ bí ọba tuntun. Lọ́dún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ pín ilẹ̀ Ẹ́míà Kánò sí márùn-ún. Wọ́n rọ Sanusi lóyè ní 2020, wọ́n fi Aminu Ado Bayero, ọmọ Ado Bayero, jẹ; ní 2024, ìjọba mìíràn tún dá Sanusi padà. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kókó ẹ̀kọ́

- Jìhádì ló mú ipò Ẹ́míà wá sí Kánò. Ìjọba àfọbaṣe ló fún un ní akódà, ẹ̀wọ̀n, kóòtù àti owó.
- Ado Bayero jọba láti 1963 sí 2014. Láàárín 1966 sí 1978, ìjọba gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí òfin fún Ẹ́míà.
- Iyì ló fi ṣèjọba lẹ́yìn náà. Rògbòdìyàn 1981 fi bí iyì náà ṣe tó hàn. Maitatsine àti ìjìyà 1984 fi ibi tó mọ hàn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

A. Ẹ dáhùn ní ṣókí.

1. Ta ni Muhammadu Rumfa, kí ló sì kọ́?
2. Dárúkọ àwọn afọbajẹ mẹ́rin tó wà ní Kánò.
3. Iṣẹ́ wo ni Ado Bayero ń ṣe ní Sẹ̀nẹ̀gà?
4. Kí ni àtúntò 1976 ṣe sí Nétíìfù Ọ́tọ́rítì?

B. Ẹ kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

1. Ṣàlàyé bí Sanusi ṣe kúrò lórí oyè lọ́dún 1963 àti bí ó ṣe kan ìjọba Ado Bayero.
2. “Ìfẹ́ ọba nìkan ló fa rògbòdìyàn 1981.” Jíròrò, kí o sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.
3. Fi ìjìyà tí ìjọba fi jẹ Ọọ̀ni àti Ẹ́míà lọ́dún 1984 ṣàlàyé ipò ọba lábẹ́ ìjọba ológun.

D. Iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà tó mọ ìtàn ààfin ìlú yín. Ẹ bi í léèrè àwọn iṣẹ́ tí ọba ń ṣe ṣáájú 1976 tí káńsù ń ṣe báyìí, àti irú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ṣì ń gbé wá sí ààfin. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.